Orí Àáké Tó Bọ́ Sínú Fúláwà

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Àdìó, eléèkù àáké Odoakpu, àti ọjọ́ tí orí àáké fò wọ inú fúláwà búrẹ́dì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun gbé Onitsha láàárín ìgbà tí ogun parí sí ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń gun èèyàn bí ẹmu, tó sì ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, ẹ bi í léèrè bóyá inú àpótí ni wọ́n tì í mọ́.

Okwudili ń ṣe búrẹ́dì ní Okpoko. Igi ló fi ń dá ààrò rẹ̀, lagilagi kan sì máa ń la igi fún un lẹ́yìnkùlé láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, lagilagi gbé àáké sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, èèkù nìkan ló bá a dé ilẹ̀. Orí àáké ti gba ojú fèrèsé wọlé. Ó kọjá láàárín obìnrin méjì tó ń po fúláwà, kò kan èyí, kò kan tọ̀hún, ó sì rì sínú ọpọ́n bí ẹni tó ti rẹ̀ tó rí ibùsùn. Bí kì í bá ṣe pé lagilagi sáré wọlé wá a wá ni, wọn ì bá yan án mọ́ búrẹ́dì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí búrẹ́dì Okwudili ì bá wúwo lọ́wọ́ ẹni.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo Odoakpu ti gbọ́, wọ́n sì ti ń wọ́ lọ sí Okpoko. Ta ló ń bá fúláwà lọ? Ìbúra ni wọ́n ń bá lọ. Bàbá Àdìó ló gbẹ́ èèkù àáké náà, ìbúra Bàbá Àdìó sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún méjì. Ó ti dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó nàka sí odò, ó ní, "Bí orí àáké kan bá fò lórí èèkù tí èmi Àdìó gbẹ́, tó sì jẹ́ ẹ̀bi ọwọ́ mi, kí ẹ bá mi di ẹrù mi. N ó padà sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà, èmi àti ilé mi."

Súlìyát ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra, ó ń ṣa ẹja. "Bàbá Àmínát," ó ní, "ilé yín wo? Èmi ò búra o."

"Ìyá Àmínát, ibi tí orí bá ń lọ ni ọrùn ń bá a lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe èèkù."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú Súlìyát. Ẹja ló ń yan tà. Nígbà tí ogun ń bọ̀, ó ti sá kúrò ní Onitsha pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn àti ìkòkò kan lórí. Nígbà tí wọ́n padà dé, ògiri kan ṣoṣo ló kù lóòró nínú ilé wọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi po amọ̀ tó fi mọ ìyókù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rẹ́ ẹ, òun ló sì wá àgbá mẹ́rin tó sọ di ààrò ẹja. Ìbọn ló lé e lọ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ti pinnu pé ẹnu ọkọ òun kọ́ ni yóò lé òun lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tó wá burú jù, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n gbé àáké Okwudili wá sí ìsọ̀ kí wọ́n fi awọ tuntun wé ọrùn rẹ̀. Bàbá Àdìó ti lọ wá igi ní òdìkejì odò, Súlìyát ló gba àáké náà. Bí ó ti fẹ́ gbé e kọ́, ó gbọ́ kín-ín. Orí rẹ̀ mì. Kò mì ju bí eyín ọmọdé ṣe ń mì lọ, ṣùgbọ́n ó mì, àyà Súlìyát náà sì bá a mì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rì í sínú bàsíà omi tó wà nílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orí àáké ti há bí ọwọ́ ahun. Ó fi awọ wé e fúnra rẹ̀, ó dá a padà fún àwọn tó ni ín, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí ẹ sì mọ̀ pé ní ìsọ̀ Bàbá Àdìó, ẹni tó ri àáké sómi burú ju ẹni tó jí i gbé lọ.

Òun náà ló wá dúró sáàárín èrò ní Okpoko yìí, tó fi etí gèlè bo ẹnu. Okwudili gbé orí àáké sókè, fúláwà ń já bọ́ lára rẹ̀ wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀.

"Papa Anyuike," ó ní, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe àáké ní èdè wọn ni wọ́n fi sọ Bàbá, "na your pickin be dis. E for kill two people."

Bàbá Àdìó kò tilẹ̀ wo irin náà. Ó fi Pijin dá a lóhùn, Pijin tí wọ́n fi Yorùbá ṣe èèkù fún. "Head no dey waka by himself. Bring neck come."

Wọ́n gbé èèkù wá. Ó gbé e sójú oòrùn, ó wò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ahọ́n, ó lá ẹnu igi náà níbi tó ti wọ inú irin. Ó di ojú, ó tún un lá. Ó ṣí ojú kan, ó wo òkèèrè bí ẹni tó rántí nǹkan, ó sì tún un dì.

"Omi," ó ní.

"Which kind water?" ni Okwudili wí.

Bàbá Àdìó wá ṣe é ní wáàsí. Ó ní omi máa ń mú igi wú, igi tó bá wú á há, inú ẹni tó ni àáké á dùn, á rò pé òun ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n ihò irin kì í wú. Igi tó ń wú nínú irin, ara rẹ̀ ló ń fọ́. Bó bá gbẹ tán, á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, bí ikùn ẹni tó jẹ oúnjẹ Iléyá tó sì ṣu gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní wọ́n tún gbé àáké yìí ti ẹ̀gbẹ́ ààrò, iná ti kọ́kọ́ gbẹ ẹ́, omi wá parí iṣẹ́. "Èèkù yìí ò kú ikú Ọlọ́run," ó ní. "Wọ́n pa á ni."

Ariwo sọ. Okwudili nàka sí lagilagi, lagilagi nàka sí àwọn apofúláwà, àwọn apofúláwà ní kí wọ́n bi Okwudili fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nàka sí ilé eléèkù. Ta ni yóò fura pé ilé lèmọ́mù ni wọ́n ti ń pọn ọtí?

Súlìyát ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bàbá Àdìó ti ya tirẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó rì í sómi mọ ara rẹ̀. Ẹ̀bi ọwọ́ mi kọ́, mi ò sì lọ síbì kankan." Ó gbé èèkù lé èjìká, ó forí lé Odoakpu, ó sì jẹ abọ́ oúnjẹ méjì. Súlìyát ò lè gbé òkèlè kan mì.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni agídí Bàbá Àdìó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí afárá Odò Ọya já, ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn fi ń kọjá. Àwọn kan gbé bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan gbé ìkòkò. Bàbá Àdìó gbé ìdì igi ìta méjì, igi líle tó fi ń gbẹ́ èèkù. Ṣójà kan dá a dúró.

"Baba, wetin be dis?"

"Na Onitsha."

Ṣójà wo igi, ó wo ìlú tó wó jọ lódìkejì odò. Bàbá ṣàlàyé fún un pé kí wọ́n tó kọ́lé, wọn á jẹun. Kí wọ́n tó jẹun, wọn á dáná. Kí wọ́n tó dáná, wọn á la igi. Kí wọ́n tó la igi, wọn á wá Àdìó wá. Ṣójà ní kó máa kọjá, pé òun ò fẹ́ kí ebi gbogbo ìlú wà lọ́rùn òun.

Ó sì ń ṣiṣẹ́ náà ní gbangba. Kò fi nǹkan kan pamọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní irú sùúrù rẹ̀. Igi ìta tí iṣan rẹ̀ tọ́ láti ìdí dé orí ló ń lò. Á fi àfọ́kù ìgò ha á títí á fi máa dán, á wá gbé e sínú àgbá àdín fún ogójì ọjọ́ gbáko. Tó bá ń tì í bọ ihò irin, á la ẹnu igi náà, á fi igi pẹlẹbẹ kan há ojú ibi tó là, á sì jẹ́ kí ẹnu igi yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan. Nísàlẹ̀ orí, níbi tí ìtì igi ti máa ń bu èèkù jẹ bí lagilagi bá ṣi ojú ibi tó fẹ́ ṣá, á rán awọ tútù mọ́ ọn. Bí awọ náà bá gbẹ, ọ̀bẹ ò ní ràn án.

Ìdí awọ yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n nígbà Iléyá. Gbogbo ilé Mùsùlùmí ní Odoakpu ló ń yà, á kí onílé, á kí àgbò, á sì dúró. Wọ́n á bu ẹran fún un, á ní rárá, awọ ni òun wá gbà. Lọ́dún kan, ajá kan gbé àáké tuntun lẹ́nu nítorí òórùn awọ, ó wọ́ ọ láti Odoakpu dé Okpoko. Bàbá Àdìó sá tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Nígbà tó gba àáké náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó yí sí àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ajá wọ́ ọ gba òpópónà méje, orí ò mì. Ẹ wí fún un kó wá gba owó ìpolówó."

Ríra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ohun kékeré. Á ní kí oníbàárà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ò ní fi sójò?"

"Mi ò ní fi sójò."

"Ẹ ò ní gbé e ti iná?"

"Mi ò ní gbé e ti iná."

"Ẹ ò ní rì í sómi?"

"Papa, abeg, ṣé àáké ni mò ń rà ni àbí ìyàwó ni mò ń fẹ́?"

"Ìyàwó á sọ̀rọ̀ bí ẹ bá fìyà jẹ ẹ́," ni Bàbá Àdìó wí. Bí èèyàn bá sì tún dúnàádúrà lẹ́yìn èyí, á gbé àáké padà sórí ìṣó. Ó ní ẹni tó ń dín owó èèkù kù, á dín epo tó fẹ́ fi pa á kù. Ọ̀tá mẹ́ta ni èèkù ní nínú ìwé tirẹ̀: omi, iná, àti ẹni tó rà á.

Ọláwọlé mọ̀ nípa èyí. Báǹkì ló gbé e wá sí Onitsha, ó sì ra àáké kan lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, wọlé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ra gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí. Àwẹ̀ ò tíì parí lọ́dún náà tí Bàbá Àdìó fi lọ kí i nílé, kó lè rí bí àáké ṣe wà. Ó bá a ní pálọ̀. Ọláwọlé ti kun èèkù rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, ó ń dán yinrin, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri.

Bàbá Àdìó wo èèkù náà láti orí dé ìdí. "Ọ̀gá," ó wá ní, "ta ló ṣe é léṣe?"

"Bàbá, mo kùn ún kí igi náà má baà jẹrà ni."

"Bí òtútù bá mú ọmọ yín, ṣé ọ̀dà lẹ máa ń kùn ún?"

Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti já àáké sílẹ̀. Ó yọ àfọ́kù ìgò nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọ̀dà ń dí igi nímú, òógùn ọwọ́ ò ní ríbi wọ̀, ọwọ́ ẹni á wú léròrò. Ìyàwó Ọláwọlé pariwo. Ọláwọlé ní, "Bàbá, èmi ni mo rà á o."

"Ẹ rà á," ni Bàbá Àdìó wí, kò gbójú sókè. "Ẹ ò bí i."

Ẹni tó gbìyànjú láti bá a du ìlú ni Chinwuba jórinjórin. Ó jó páìpù irin mọ́ orí àáké, ó ní ayé ti dayé irin, pé páìpù ò ní kán, kò ní bọ́, kò bèèrè epo, kò bèèrè awọ. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Wọ́n wá bá Bàbá Àdìó, wọ́n ní kó yé ṣagídí, gbogbo nǹkan ló ń yí padà.

"Ìjọba ti yí ọ̀nà mọ́tò sọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbà," ó ní. "Wọ́n ti yí owó, mo gbà. Ṣé wọ́n ti yí ọwọ́ ọmọ èèyàn?" Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá ra èèkù òun mọ́, òun á máa gbẹ́ ẹ fún ara òun. Ó ní nígbà tí àwọn àgbà ń sọ pé ọwọ́ ẹni gbọ́dọ̀ tẹ èèkù idà ká tó bèèrè ikú tó pa baba ẹni, èèkù ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó di irin idà mú, ìka rẹ̀ ló máa bèèrè.

Wọ́n bá dá ọjọ́. Lagilagi Okwudili di èèkù ìta mú, géńdé kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Chinwuba di páìpù mú, wọ́n kó igi fún àwọn méjèèjì bákan náà. Wọ́n là á láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, páìpù ti ń mi géńdé náà láti ọwọ́ dé eyín. Ó gbé àáké sílẹ̀, ìka rẹ̀ ò ká mọ́, omi ni wọ́n ń bù sí i lẹ́nu. Bàbá Àdìó gbé páìpù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. "Òótọ́ ni Chinwuba sọ," ó ní. "Kò kán. Ọmọ yìí ló kán."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Chinwuba yọ́ wá sí ìsọ̀, ó fẹ́ èèkù fún òòlù tirẹ̀. Bàbá Àdìó mú un dúró fún ogójì ọjọ́ bí gbogbo èèyàn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Súlìyát ń gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mì. Ọdọọdún bí ọyẹ́ bá ti dé, ọkọ rẹ̀ á wá sídìí ààrò ẹja, á gbé àáké tó fi ń la igi, á fi àdín pa á láti orí dé ìdí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bó bá parí, á nu ọwọ́, á béèrè ohun kan náà.

"Ìyá Àmínát, omi tí o fi ń fọ ẹja, níbo lo máa ń dà á sí?"

"Gọ́tà ni, Bàbá Àmínát."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Á bá tirẹ̀ lọ. Súlìyát á jókòó sórí àpótí títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn Bàbá Àdìó dé, dókítà fi òòlù rọ́bà kékeré kan lù ú lórúnkún. Orúnkún ò mì. Bàbá Àdìó gba òòlù náà lọ́wọ́ dókítà, ó mì ín létí, ó dá a padà. "Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Èèkù yín ló tú." Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣàdúrà fún un, ilé kún. Okwudili gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì wá, Chinwuba wá, Ọláwọlé wá, lagilagi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, ìtàn bẹ̀rẹ̀: ajá, ọ̀dà pupa, páìpù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi kan ti fúláwà, àríyànjiyàn tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún márùn-ún sì tún bẹ̀rẹ̀: ta ló ri àáké yẹn sómi? Lagilagi ní apofúláwà ni. Okwudili ní lagilagi ni.

Súlìyát dìde. Ígbò ló fi sọ ọ́, kó lè yé gbogbo wọn. "Èmi ni," ó ní. "Ó mì. Ẹ̀rù ìbúra yẹn bà mí. Inú bàsíà mi ni mo rì í sí. Ọkọ mi kú láì mọ̀."

Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Okwudili wúkọ́.

"Mama Amina," ó ní, "a mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló padà wá sí Okpoko. Ó ní omi ẹja lòun tọ́ wò lẹ́nu igi náà. Ó ní ẹja àrọ̀ ni. Ó ní ẹnu òun ló fi ìbúra dẹ́rù bà yín nínú ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín mọ, pé bí a bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, ká wá ẹnu òun. Lẹ́yìn náà ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun mọ̀, òun ò ní fi ọwọ́ kan àáké rẹ̀ mọ́ láéláé."

Súlìyát wo lagilagi. Lagilagi tẹrí ba. Ó wo Chinwuba, Chinwuba ń wo àjà. Ọláwọlé pàápàá, tó jẹ́ àlejò sí ìlú, ń fi ìka ha ẹ̀wù.

"Gbogbo yín? Ọdún márùn-ún? Àríyànjiyàn tí ẹ ń ṣe ńkọ́?"

"Kí ẹ má baà fura ni," ni Okwudili wí. "Mama, kí ni ká ṣe? Èèkù ẹlòmíràn ò dáa."

Súlìyát rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ògiri mú, nígbà tó sì fi etí gèlè nu ojú, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ẹ̀rín parí sí.

Ìyàndá, àbúrò Bàbá, ti wá láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú mọ́tò. Ó ní kí ìyàwó àwọn di ẹrù, kó máa bọ̀ nílé, kí ló tún kù fún un nílùú onílùú?

"Mo gbọ́," ni Súlìyát wí. "Ọkọ mi ti dá ọjọ́ tí a máa lọ. Ọjọ́ tí orí àáké kan bá fò lórí èèkù tó gbẹ́ ni."

"Ìyàwó wa, ìgbà wo nìyẹn?"

"Ẹ jókòó, kí ẹ máa dúró dè é."

Ìyàndá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó wọ mọ́tò rẹ̀ padà sílé, èèkù ìta kan ló gbé dání.

Bí ẹ bá rò pé wọ́n fi kún un, Odoakpu ò jìnnà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń fi àgbá mẹ́rin yan ẹja. Àáké kan wà lára ògiri tí Súlìyát rẹ́, awọ àgbò Iléyá ló wé ọrùn rẹ̀. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín bó ṣe wù yín. Súlìyát ò ní bá yín jà; á kàn máa wò yín, ẹrù rẹ̀ wà nínú ilé, kò sì dì í. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ nu omi ọwọ́ yín nù.